Yàrá Tí Ifáyọ̀kẹ́ Kò Yà Sójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má já a sílẹ̀ láàárín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ará ilé yín yodì. Ọ̀rọ̀ yín ni.

Agbo ilé Ògúnṣọlá wà nísàlẹ̀ òkè Màpó. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ sí gbogbo yàrá ibẹ̀. Ọmọ ilé náà ni Ifáyọ̀kẹ́, tó ń kọ́ nípa iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n kọ́ ọ ní ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí èèyàn fi ń ya wáyà, gílóòbù àti ẹ̀rọ. Ètò náà á wá sọ bí iná tó máa gba inú wáyà ṣe máa pọ̀ tó, láì tíì fọwọ́ kan wáyà gidi. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lò, ká sọ tòótọ́. Àmọ́ ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ra fíríìsà ńlá tó máa fi ta ẹja, Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, béèrè bóyá wáyà á lè gbé e. Ifáyọ̀kẹ́ ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wo ẹ̀rọ oníkálukú, ó ń yà á. Ti Àǹtí Louisa, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, nìkan ni kò wọ̀. Ẹ mọ ìdí? Àǹtí Louisa ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí, pé ọmọbìnrin wo ló ń gun òpó iná. Látìgbà náà, ọmọ yìí kò kí i mọ́. Àgbàlagbà o! Ó ní kí ló máa wà níbẹ̀ ju gílóòbù kan lọ, ó sì fò ó. Kọ̀ǹpútà ní wáyà á gbé e. Wọ́n ra fíríìsà.

Bẹ́ẹ̀, ààrò oníná ńlá ti wà nínú páálí ní yàrá Àǹtí Louisa, tó fẹ́ máa fi yan kéèkì. Ọjọ́ tó tàn án, èéfín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáyà jó, ẹja ìyá Ifáyọ̀kẹ́ bàjẹ́ pátá. Inú bí Mọ́gàjí. Ó ní bí wáyà bá tún jó lẹ́ẹ̀kan sí i, iná ò ní wọ agbo ilé náà mọ́.

Ifáyọ̀kẹ́ pe kọ̀ǹpútà ní òpùrọ́. Ó tún ìṣirò náà ṣe, èsì kan náà ni. Ó wá ń fi ìka tọ àwọn yàrá inú àwòrán náà, títí tó fi dé ibi tó yẹ kí ti Àǹtí Louisa wà. Òfo ló bá. Ojú tì í. Ohun tí kò sọ fún kọ̀ǹpútà, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Louisa.

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Èmi ni mo fò yín. Ẹ jẹ́ kí n wá wo ẹ̀rọ yín."

Àǹtí Louisa sún àpótí sí i. "Jókòó. Kí lo fẹ́ wò?"

Wọ́n kọ agbára tí ààrò náà ń jẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ifáyọ̀kẹ́ fi í kún àwòrán, ni wáyà bá pọ́n lójú kọ̀ǹpútà, àmì pé iná ti pọ̀ jù fún un. Ó ya wáyà tó nípọn, tó dá wà fún ààrò náà nìkan. Pupa náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oníṣẹ́ iná ṣe é, ó sì pààrọ̀ wáyà tó jó.

Nígbà tí wọ́n mú iná wá, gbogbo ilé tan ohun gbogbo pọ̀: fíríìsà, ààrò, fáànù, tẹlifíṣọ̀n. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ dúró ti oníṣẹ́ iná bó ṣe ń fi mítà wọ̀n ọ́n. Ohun tí mítà sọ ni kọ̀ǹpútà ti sọ ṣáájú. Wáyà ò tilẹ̀ rùn. Ariwo ayọ̀ sọ. Ta ló kọ́kọ́ dì mọ́ Ifáyọ̀kẹ́? Àǹtí Louisa ni, tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Ẹ wá wo ọmọ mi tó ń gun òpó iná!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ìmọ̀ dára, kọ̀ǹpútà dára, àmọ́ ẹni tí kò kí ará ilé rẹ̀ kò lè mọ ohun tó wà ní yàrá onítọ̀hún. Ìbínú yín sí ẹnì kan lè dáná sun gbogbo yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ ń bá yodì, kẹ́ ẹ sì lọ kí i. Àwọn àgbà ló ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.