Ọmọṣẹ́ Tí Kì í Kí Ọ̀gá

“Bàbá mi, ẹ rọra fà á, kí ẹ̀rọ lè rí ọwọ́ yín dáadáa.”

Jórinjórin àgbà kan rọra fa iná kọjá lára irin ọkọ̀ ojú omi. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kún fún wáyà tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń yàwòrán ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ kan náà, ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà.

“Ọmọṣẹ́ wo rèé, tí kì í kí ọ̀gá rẹ̀?” ni baba wí. “Tó bá mọ̀ ọ́n tán, wọn ò ní lé mi?”

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣọ̀gá ẹ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́.”

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dá irin jó. Baba fọwọ́ pa ojú ibẹ̀, kò rí àléébù kankan, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Wọ́n pe ọmọ sí ọ́fíìsì. Baba jókòó, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu ọmọ náà nínú tó bá gbé ìròyìn dé pé wọ́n ti lé bàbá rẹ̀.

Ọmọ jáde tòun ti àpò rẹ̀ léjìká.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Àwa méjèèjì kẹ̀?”

“Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti ń dá yàwòrán ọkọ̀.”

Baba gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò sílẹ̀ ò bá a mu mọ́.