Ekùrọ́ Méje Ìyá Òkété

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété.

Ìyá Òkété ń lọ sí oko tó jìn. Ó to ekùrọ́ méje sílẹ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀ méjì:

● ● ● ●
● ●
●

“Ìlà kan, oúnjẹ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tó bá tán ni màá dé.”

Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú, ó ka ìlà mẹ́ta: mẹ́rin, méjì, ọ̀kan. Àbúrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ka mẹ́rin: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ọ̀kan. Ó bú sẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ebi á pa wá lọ́jọ́ kẹrin!”

Ẹ̀gbọ́n wá dúró tì í, ó wò ó. “Òótọ́ ni. Bí o ṣe kà á la ó ṣe jẹ ẹ́.”

Ìyá lọ oko.
*Yóò dé o.*
Ekùrọ́ ń tán lọ.
*Yóò dé o.*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ìyá dé tòun tebi. Ó bá ekùrọ́ kan nílẹ̀.

“Ta ló ni èyí?”

“Tiyín ni, Ìyá.”