Ṣé Ara Le?

Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà máa ń bi ìyàwó mi pé, “Màmá, ṣé ara le?” Bí ó bá ní ara ń ro òun, oògùn ọjọ́ náà á jáde. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀la.

Orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro, inú rírun: àwọn dókítà ní gbòǹgbò kan náà ni gbogbo wọn ti hù.

Lónìí, orí ń fọ́ ọ débi pé ó di ògiri mú.

“A dúpẹ́,” ló fi dáhùn.

Oògùn kò jáde.

“Ìyá Fọlárìn, sọ òótọ́! Irin ni, kì í ṣe àna rẹ.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀. Ta ní ń fi ìrora dáhùn ìkíni àárọ̀?”

Ẹ̀rọ náà yíjú sí mi. Láti àná ni orí ti ń fọ́ èmi náà, ẹ̀yìn sì ti bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ara le?”

“A dúpẹ́.”