Ẹni Tó Yọ Wáyà Nídìí Ẹ̀rọ Bàbá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó ń fi fóònù ka ìtàn yìí, má fò ó, má sì dúró lágbedeméjì. Bá mi dé ìparí rẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Inú mi dùn pé ẹ pọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú.

Obìnrin aránṣọ kan wà tó mọ gìtá ta. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde ló fi sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí o. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, gílóòbù kéékèèké sì tò sínú rẹ̀ bí ìgò òògùn. Àpótí sípíkà wà lábẹ́ rẹ̀, wáyà dúdú kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í fẹ́ ìkánjú. Súwíìṣì méjì ló ní. Wàá tan èkíní, wàá dúró títí gílóòbù á fi gbóná, tí á pọ́n. Ìgbà yẹn ni wàá tó tan èkejì. Bọ́tìnnì kan ń gbé ohùn sókè, ọ̀kan ń mú un tínrín, ọ̀kan ń mú un ki. Aránṣọ ti fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà síbi tí bàbá máa ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí.

Òfin kan wà tí bàbá ò fi ṣeré: "Bí iná bá ti wà lára ẹ̀rọ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ wáyà sípíkà. Agbára inú rẹ̀ ní láti ríbi gbà jáde. Bí kò bá rí sípíkà, ara rẹ̀ ló máa jó." Ìdí nìyẹn tí aránṣọ fi fi òwú pupa di wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tó ta á ní kókó gidi.

Ó wá ní àbúrò ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀. Bí o bá fẹ́ júwe ilé ìyá tìrẹ fún un, á ní òun ti mọ̀.

Ọ̀gá olórin kan ránṣẹ́ pé òun àti àwọn ẹmẹ̀wà òun ń bọ̀. Ó ti gbọ́ gìtá bàbá nígbà èwe rẹ̀, ohùn ẹ̀rọ yẹn ò sì kúrò létí rẹ̀ mọ́. Bí ohùn náà bá ṣì wà bó ṣe wà, aránṣọ ló máa bá wọn lọ, tòun tẹ̀rọ, láti ìlú dé ìlú. Ẹ ṣáà rò ó wò. Obìnrin tó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, tọ́kàn rẹ̀ sì wà lórí okùn gìtá.

Àwọn àlejò dé nírọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sí pálọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, aránṣọ tan súwíìṣì kìíní kí ẹ̀rọ máa gbóná, ó ní òun ń lọ ra nǹkan mímu fún wọn.

"Àbúrò mi, má fọwọ́ kan nǹkan kan níbí o."

"Àǹtí mi, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Aránṣọ ò tíì dé ìkóríta tí Mo-Ti-Mọ̀ fi tan súwíìṣì kejì, tó gbé gìtá kọ́rùn. Ariwo sọ. Ọ̀gá olórin pariwo láti pálọ̀ pé, "Ẹ bá wa dín in kù, a ò gbọ́ra wa."

Bọ́tìnnì ohùn nìkan ló yẹ kó yí. Ṣùgbọ́n ó wo ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó rò ó pé bí òun bá yí i, ẹ̀gbọ́n òun á mọ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí orí tábìlì, ó gé òwú pupa, ó fa wáyà sípíkà yọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń ta gìtá lọ láìdún, ó ń mi orí.

Kò pẹ́ tí òórùn bí i ti rọ́bà tó jóná gba imú rẹ̀. Ó ki wáyà bọ àyè rẹ̀ padà kíákíá, ó pa súwíìṣì kejì, ó ṣí fèrèsé.

Aránṣọ dé, ó kó àlejò wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tan ẹ̀rọ, ó ta okùn kan. Kò dún. Kò tilẹ̀ kùn. Ó tẹ̀ba, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí?"

"Àǹtí, ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Mo ti ń sọ fún yín."

"Mi ò bi ọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀. Òwú tí mo fi dì í dà?"

"Bóyá eku ló gé e."

Aránṣọ nawọ́ mú àlùmọ́gàjí. Fọ́nrán òwú pupa ṣì há sí i lẹ́nu. "Eku náà mà mọ àlùmọ́gàjí lò o."

Ìgbà yẹn ni Mo-Ti-Mọ̀ tó kólòlò. "Mo rò pé bí kò bá ti dún, ó ń sinmi ni."

Wọ́n pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú u, ó mi orí. Tàráńsífọ́mà inú rẹ̀ ti jó di dúdú, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Aránṣọ gbé gìtá lásán, ó ta á títí omi fi lé sójú ọ̀gá olórin.

"Ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n a láwọn tó mọ̀ ọ́n ta. Ohùn yẹn ni a ò ní."

Ọkọ̀ ò sí mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ni àwọn àlejò bá sùn sórí àga.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi kí n tó sọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Ohun tí o kò bá mọ̀, bèèrè. Ohun tí wọ́n bá ní kí o má fọwọ́ kàn, fi sílẹ̀. Bí o bá sì ti bà á jẹ́, tètè jẹ́wọ́, má ṣí fèrèsé fún òórùn. Ìgbéraga rẹ lè jó ayé ẹlòmíì níná, kí ìwọ máa rò pé ó ń sinmi ni.

Nígbà tí ojúmọ́ ń là, àwọn àlejò dìde. Mo-Ti-Mọ̀ jáde síta, ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n bá wọn gbé ẹrù dé ìdí ọkọ̀."

Aránṣọ ti jókòó sídìí máṣíìnì. Kò gbójú sókè.

"Gbé e. Ìyẹn ò ní wáyà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ.