Abọ́sẹ̀dé Tó Bọ́ Páìpù Sí Ìhòòhò

Abọ́sẹ̀dé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ilé tí kò tíì gbé nìkan ló kà sí ilé. Èyí tó ń sùn sí ní Thamesmead, ní London, dà bí ibi ìdúró de ọkọ̀ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á ti dé Ìkòròdú, níbi tó ń kọ́lé sí. Á máa rìn láti yàrá dé yàrá, á máa ṣí fèrèsé tí wọn ò tíì kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àlá náà dùn mọ́ ọn gan-an ni.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ìyá náà ti kú, ṣùgbọ́n nígbà tó wá kí wọn ní London, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ fèrèsé funfun mẹ́fà, ó fi òwú búlúù ṣe ẹyẹ sí i lára.

“Ìwọ ni kó o fi wọ́n kọ́ lọ́jọ́ ìṣílé,” ló sọ.

Abọ́sẹ̀dé kò ní ohun ìyá rẹ̀ mìíràn.

Ní oṣù kìíní, ó gbé dúrọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé sí òkè àtẹ̀gùn. Ó tẹ́ aṣọ fèrèsé náà sísàlẹ̀, ó sì fẹ́ to àwo tuntun tó rà ní Powis Street lé e. Kò rí nǹkan tó máa fi wé àwo. Ló bá gun òkè àjà, ó bó fóòmù tí wọ́n fi wé páìpù omi nítorí òtútù bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Phoebe, ọmọ rẹ̀, ń wò ó. “Mummy, páìpù yẹn máa freeze o!”

“Màá ra òmíràn tí mo bá ti Lagos dé.”

“Ibi tí àwa ń gbé ńkọ́?”

Abọ́sẹ̀dé ti padà sí Ìkòròdú, kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, Uncle Obed, tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù, tó sì fi fóòmù náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́, pè é lẹ́yìn ìsìn.

“Bọ́sẹ̀, òtútù tó ń bọ̀ yìí le. Ẹ má pa hítà o. Fóòmù yẹn ṣì wà lára páìpù, àbí?”

“Ó wà, Uncle. Ẹ ṣeun, sir.”

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi purọ́.

Adágún ẹ̀yìn ilé wọn dì gbagidi fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi ẹ̀rọ kò ṣàn mọ́. Abọ́sẹ̀dé ní yìnyín inú páìpù yóò yọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, oòrùn yọ, Abọ́sẹ̀dé sì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó gbọ́ ìró omi bó ṣe ṣílẹ̀kùn. Òjò ló rò pó ń rọ̀ sórí páànù tuntun ní Ìkòròdú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, kó tó mọ̀ pé omi ti wọ bàtà òun.

Páìpù ti là. Àjà ti já. Inú dúrọ́ọ̀mù tó ṣì ṣí sílẹ̀ gan-an ni omi tó ti dógùn-ún ń dà sí.

Uncle Obed wá, ó ti omi náà pa, ó sì bá a kó ẹrù jáde. Kò sí àwo kan tó fọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pọ́n bí ẹrẹ̀, búlúù ti ṣàn, ẹyẹ kan ò sì ṣe é dá mọ̀ mọ́. Obed wo fóòmù tó wà lára àwo.

“O ní ó wà,” ló sọ jẹ́jẹ́.

Abọ́sẹ̀dé fọ aṣọ náà títí ó fi ya. Nígbà tí ilé parí, lọ́jọ́ ìṣílé ní Ìkòròdú, gbogbo àlejò yin àwo rẹ̀. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó dúró síwájú fèrèsé òfìfo, ó sì sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ wọṣọ fún páìpù yín kí òtútù tó dé, ẹ má sì parọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe yín lóore. Kò burú kéèyàn máa lálàá ilé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó bo orí yín lónìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ síbẹ̀ wà.