Ẹ̀yìn Eyín

Nọ́ọ̀sì eléyín yí dígí kékeré sẹ́yìn eyín awakọ̀: èéfín sìgá ti sọ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyàwó tí awakọ̀ búra fún pé òun ò mu sìgá mọ́ ló sì jókòó tì wọ́n yẹn. Awakọ̀ yáa fojú bẹ nọ́ọ̀sì.

"Tíì ló ṣe báyìí," nọ́ọ̀sì bò ó láṣìírí. Ó ki irin bọ awakọ̀ lẹ́nu, ó ń ha eyín rẹ̀.

Ìyàwó káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mò ń po tíì ọ̀hún láràárọ̀! Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó ṣe awakọ̀ bíi kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ẹnu tiẹ̀ ló là sílẹ̀, irin kún un.

Nọ́ọ̀sì yọ irin, ó gbómi fún un. "Ẹ ṣan ẹnu, kẹ́ ẹ tu ú dànù."

Ó ṣan ẹnu, òórùn sìgá kún omi ọ̀hún. Ó wojú ìyàwó rẹ̀. Ó gbé omi náà mì.