Orúkọ Tí Ọláwọlé Fi Wá Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé tó ń wá a, ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán.

1.
Ní ọdún 2002, nígbà tí ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ tó dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Agége tó ń jẹ́ Ọláwọlé. Ọmọ Adó-Èkìtì ni. Ó kàwé gboyè nípa iná mànàmáná ní pólì, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Catherine, tó jẹ́ tíṣà ní Àgídìngbì, ló tọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph fẹ́ fi Catherine ṣaya, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni Catherine máa ń sọ fún un:

"Ẹ ní sùúrù. Bí Wọlé bá ti ríṣẹ́, ẹ wá rí àwọn ẹbí mi."

2.
Nígbà yẹn, kafé tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ní Agége. Ibẹ̀ ni Ọláwọlé ti ṣí ímeèlì rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, ló bá sọ ara rẹ̀ ní "okoawonomoge". Ọkọ àwọn ọmọge! Ó dùn mọ́ ọn gan-an, torí ó rẹwà, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun.

Nígbà tó fẹ́ tẹ CV, Bọ́láńlé, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní kafé, dá ọwọ́ dúró.

"Bọ̀dá Wọlé, ṣé ímeèlì yìí náà ni kí n kọ?"

"Òun ni. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí òmíràn fún yín. Orúkọ yín àti ti bàbá yín, ó parí. Kò ní gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ọláwọlé bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ni? Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa wò. Jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bọ́láńlé tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

3.
Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, Alàgbà Ezekiel, tí wọ́n jẹ́ fọ́máànù nílé iṣẹ́ ike kan ní Oregun. Ilé iṣẹ́ náà ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ, tí yóò sì jẹ́ ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń to ike sínú páálí. Catherine kúnlẹ̀ fún bàbá yìí lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ àbúrò mi."

"Dìde, ọmọ mi. Ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Èmi fúnra mi ni màá gbé e dé iwájú máníjà."

Bàbá kò mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi CV náà sáàárín Bíbélì wọn, wọ́n lọ. Kí Ọláwọlé tó fún wọn, ó sọ sí i lọ́kàn pé kóun sáré lọ pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yẹn. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ọ̀lẹ sì ń ṣe é.

4.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ojoojúmọ́ ni Ọláwọlé ń lọ wo ímeèlì rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ nìkan ló ń bá níbẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Alàgbà Ezekiel wọlé tọ̀ wọ́n wá. Catherine gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

"Wọlé, kí lo kọ sórí ìwé tí mo gbé lọ?"

"Bàbá, CV mi ni."

"Máníjà pè mí lánàá. Ó ka orúkọ kan sókè, gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Bàbá, ogójì obìnrin ló wà nídìí ike yẹn. Ṣé ọkọ wọn lẹ mú wá fún wa?' Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà níbẹ̀, Wọlé. Mi ò mú ẹnikẹ́ni wá rí, àfi ìwọ. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Máníjà tún ní ìwé ẹ̀rí tìrẹ dáa ju ti onítọ̀hún lọ."

"Orúkọ wo?" Catherine bi àbúrò rẹ̀.

Ọláwọlé nawọ́ sí fáìlì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ẹ̀dà CV kan yọ nínú rẹ̀, ó kà á. Kò pariwo.

"Wọlé, ṣé orúkọ tí bàbá wa sọ ẹ́ ò dùn tó ni?"

Ọláwọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà lọ bẹ̀ wọ́n?" Bàbá jáde.

5.
Ní ọjọ́ Ajé, Ọláwọlé lọ bá Bọ́láńlé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣí ímeèlì tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló gbà wọ́n! Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ yẹn ní Oregun, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò jẹ́ kó wọlé.

Nígbà tó dọdún kejì, wọ́n gbé Joseph lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí Catherine bá òun lọ.

"Mi ò lè fi Wọlé sílẹ̀ báyìí," ni Catherine sọ.

Kí ọdún tó parí, Joseph ti gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ọláwọlé ló gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì wá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Catherine ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì ń máàkì rẹ̀ lọ.

Ọláwọlé padà ríṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége, ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bú u rí. "Ká ní wọ́n tiẹ̀ bú mi ni," ó sọ fún Bọ́láńlé lọ́jọ́ kan, "ara ì bá tù mí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ kò tíì rí ojú yín, kò sì tíì gbọ́ ohùn yín. Àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì yín ló kọ́kọ́ máa bá pàdé. Ẹ fi orúkọ gidi yín sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín. Bí irú ti Ọláwọlé bá wà lórí CV yín, ẹ dìde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń retí iṣẹ́ yẹn.